Brainstorm, Ohun Èlò Ọ̀fẹ́ fún Wíwá Orísun Wárápá: Àyẹ̀wò fún Àwọn Tó Ń Ka EEG ní Ilẹ̀ Okun

Brainstorm yẹ kí ó wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó ń ka EEG (àkọsílẹ̀ iná ọpọlọ láti orí awọ orí) láti Kàbà dé Ìsánlú. Ọ̀fẹ́ ni, kò fi ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ pamọ́, ó sì lè fi hàn wá lórí àwòrán ọpọlọ ibi tó ṣeé ṣe kí wárápá ti máa ń gbéra, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi abẹ kan orí aláìsàn. Ohun tó mú kí àyẹ̀wò yìí gùn ni pé ohun èlò náà kì í sọ pé òun kò mọ̀. Ohun yòówù tí ẹ bá kó fún un, yóò fi àwọ̀ pupa sàmì sí ibì kan. Bí ẹlẹ́kítíróòdù, ohun tí a lẹ̀ mọ́ orí láti gba iná ọpọlọ, bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, yóò dáhùn. Bí ohun tí ẹ pè ní àmì wárápá bá jẹ́ ojú tí aláìsàn ṣẹ́ lásán, yóò dáhùn, àwòrán rẹ̀ yóò sì dán bákan náà. Inú yàrá EEG ni òtítọ́ ìdáhùn rẹ̀ ti ń wá, kí a tó tan kọ̀ǹpútà rárá.

Iná mànàmáná tó kéré jọjọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Hans Berger ní Jámánì ló kọ́kọ́ gba ìgbì náà sílẹ̀ lórí ènìyàn ní 1924, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929. Lára ẹni tó ní wárápá, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì lè gbiná pọ̀ lójijì, kí ìgbì ṣóńṣó kan yọ lórí EEG, láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 20 sí 70. Spáìkì là ń pe ìyẹn, òun sì ni Brainstorm ń lò jù lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìta la wà. Bí ẹni dúró lẹ́yìn ògiri agbo ilé lóru, tó fẹ́ mọ yàrá tí ìlù ti ń dún: ògiri ti da ìró rú, yàrá méjì tó ń lu ìlù pọ̀ sì lè dún bí ẹyọ kan láàárín wọn. Hermann von Helmholtz ti fi hàn ní 1853 pé ọ̀nà tí iná inú lè gbà pín, kí ìwọ̀n ojú òde sì jẹ́ ọ̀kan náà, kò lópin. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń rí orísun. Ó ń yan ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ni, nípa òfin tí àwọn tó ṣe é fi lélẹ̀.

Àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́ wọn. Sylvain Baillet, Richard Leahy, John Mosher àti François Tadel wà lára wọn. Èdè Matlab ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan wà tí kò béèrè pé kí ẹ ra Matlab. Ẹ ó kàn gba Matlab Runtime, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kí ẹ gbà á níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dúró dáadáa. Ẹ ó fi orúkọ sílẹ̀ lórí ojúlé wọn kí ẹ tó gbà á. Bí ẹ bá ti ṣí i ni yóò sọ fún yín pé iṣẹ́ ìwádìí nìkan ni òun wà fún. Ẹ má fojú fo gbólóhùn yẹn. Kò ní ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìṣègùn, nítorí náà àwòrán rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá nìkan pinnu ohun tí dókítà yóò ṣe. Ó lè ti ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn. Ó sì lè ta kò ó, èyí tó wúlò bákan náà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní wárápá ló nílò rẹ̀. Oògùn máa ń kápá ti èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tí oògùn méjì tó bá irú wárápá rẹ̀ mu, ní ìwọ̀n tó tó, tó sì ń lò déédéé, kò bá kápá rẹ̀, òun ni òfin 2010 ti ILAE, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti wárápá, pè ní ẹni tí oògùn kò ràn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan lára àwọn aláìsàn wárápá ló ń bọ́ sí ipò yìí. Bí wárápá irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan, tí MRI, àwòrán inú orí tí ẹ̀rọ òòfà ń yà, kò sì rí àpá kankan, ibẹ̀ ni wíwá orísun pẹ̀lú EEG ti níye lórí jù. Láti ọ̀dọ̀ wa, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ni wọ́n sábà máa ń darí ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ láti 1962. Fáìlì tí a gbà dáadáa nílé lè dín ìrìn-àjò aláìsàn kù.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹlẹ́kítíróòdù. Ètò 10-20, tó ń fi ìdá 10 àti 20 nínú ọgọ́rùn-ún pín orí, tí Herbert Jasper gbé jáde ní 1958 la ṣì ń lò, téèpù ni a sì fi ń ṣe é, kì í ṣe ojú. Ẹ wọn láti gbòǹgbò imú gba àtàrí kọjá dé kókó egungun ìpàkọ́. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36, ipò ẹlẹ́kítíróòdù láti iwájú lọ sẹ́yìn nìyí: Fpz wà ní 3.6, Fz ní 10.8, Cz ní 18, Pz ní 25.2, Oz ní 32.4. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn láti iwájú etí kan dé iwájú etí kejì. Cz gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín níbẹ̀ náà. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Ẹni tó fi ìka wọ̀n ọ́n lè fi sẹ̀ǹtímítà 2 gbé e yẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì ní ọ̀nà kankan láti mọ̀. Yóò gba ipò tó wà nínú ìwé gbọ́, yóò sì ti orísun lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹlẹ́kítíróòdù 19 orí ètò àtijọ́ kò bo ìsàlẹ̀ ẹ̀bátí, bẹ́ẹ̀ apá ọpọlọ tó wà níbẹ̀ ni wárápá àgbàlagbà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan ti sábà máa ń gbéra. Ìdí nìyí tí IFCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àyẹ̀wò iná ọpọlọ àti iṣan, fi dábàá ẹlẹ́kítíróòdù 25 ní 2017: wọ́n fi F9, T9, P9 kún ọwọ́ òsì, F10, T10, P10 kún ọwọ́ ọ̀tún, ní ìsàlẹ̀ àwọn tó ti wà níbẹ̀. Bí àpótí ẹ̀rọ yín bá ní ihò tó ṣẹ́ kù, mẹ́fà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kún un. Wọn kì í wọ́n, wọ́n sì ń ran ìdáhùn Brainstorm lọ́wọ́ ju kọ̀ǹpútà tuntun lọ.

Irun tún wà ńbẹ̀. Òrí, àdí àti jẹ́ẹ̀lì irun máa ń dí iná lọ́nà. Kí aláìsàn fi ọṣẹ fọ irun lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó má fi ohunkóhun pa á. Weave-on gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá tàbí ìyàwó ilé nígbà tí ẹ bá ń dá ọjọ́, kí wọ́n má baà ná owó sí irun dídì tí a ó ní kí wọ́n tú. Irun tí wọ́n dì lè dúró bí ojú ìlà bá bọ́ síbi tí ẹlẹ́kítíróòdù ń lọ, àmọ́ ẹ má torí ojú ìlà sún ẹlẹ́kítíróòdù kúrò ní ipò. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì NuPrep ha awọ orí díẹ̀, kí ẹ fi òórì Ten20 tó ń gbé iná lẹ ẹlẹ́kítíróòdù mọ́ ọn, kí ìdènà iná lábẹ́ ẹlẹ́kítíróòdù kọ̀ọ̀kan wà nísàlẹ̀ kílóòmù 5, kí wọ́n sì súnmọ́ ara wọn. Lásìkò ọyẹ́, awọ orí máa ń gbẹ, lílẹ̀ sì máa ń tú. Ẹ tún un wọ̀n ní àárín iṣẹ́, pàápàá lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti mí gúlegúle fún ìṣẹ́jú 3.

Ẹ jẹ́ kí aláìsàn sùn. EEG àkọ́kọ́ tí a gbà lójú oorun àti lójú jíjí kì í rí spáìkì lára gbogbo ẹni tó ní wárápá. Nǹkan bí ìdajì wọn ló ń hàn. Bí kò bá sí spáìkì, Brainstorm kò ní ohun tí yóò wá orísun rẹ̀, ó sì dára kí a tún un gbà ju kí a fi ìgbì tí kò dájú rọ́pò. Ẹ má ṣe dá oògùn aláìsàn dúró kí spáìkì lè pọ̀. Dídá a dúró lójijì lè fa wárápá tí kì í dáwọ́ dúró, ó sì lè pani. Bí wárápá bá gbé e níbẹ̀, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo aago, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Itọ́ rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Bó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

Ní ti iná, Nàìjíríà ń lo 50 Hz (ìgbì 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé àti ìnfátà olówó pọ́ọ́kú máa ń da ariwo sínú ìgbì. Ẹ fi bátìrì kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gbà á, ẹ yọ ṣájà fóònù kúrò nítòsí bẹ́ẹ̀dì. Nínú Brainstorm, sẹ́ẹ́ (notch filter) 50 àti 100 Hz ni kí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí a ń kà wá láti Amẹ́ríkà, 60 ni wọ́n kọ, ẹni tó bá sì dà á kọ kò ní yọ ohunkóhun.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń gbé fáìlì jáde láti inú ẹ̀rọ EEG. Ẹ gbé e jáde ní EDF, irú fáìlì EEG tí ọ̀pọ̀ ohun èlò lè ṣí, láìsí sẹ́ẹ́, pẹ̀lú ìdí ìwọ̀n (reference, ojú tí a ń fi wọn àwọn yòókù) kan ṣoṣo fún gbogbo ẹlẹ́kítíróòdù, ní ìwọ̀n 256 Hz ó kéré tán, ìyẹn ìgbà 256 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá gbé e jáde bí ó ṣe hàn lójú, ní méjì-méjì tí a yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, bíi Fp1-F7, ìṣirò orísun ti bàjẹ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí tàbí PDF kò wúlò fún èyí rárá.

Nígbà tí fáìlì bá dára, inú Brainstorm rọrùn ju bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ. Ẹ dá protocol (àpò iṣẹ́) sílẹ̀, ẹ dá aláìsàn sí abẹ́ rẹ̀, ẹ fi Review raw file so EDF mọ́ ọn. Orúkọ ẹlẹ́kítíróòdù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń kọ T3, T4, T5, T6. Orúkọ tuntun wọn ni T7, T8, P7, P8. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti inú ìwé ipò mu kò ní ní ipò, ẹ lè má sì tètè mọ̀ pé ó ti sọnù, nítorí àwòrán yóò ṣì jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ẹlẹ́kítíróòdù tó bàjẹ́ kúrò. Lẹ́yìn yíyọ yìí ni kí ẹ tó fi àárín gbogbo wọn ṣe ìdí ìwọ̀n. Bí ẹ bá yí i padà, ariwo ẹyọ kan yóò pín kan gbogbo àwọn yòókù.

Ctrl+E ni a fi ń sàmì sí spáìkì, Ctrl+B sí ibi tó bàjẹ́. Dókítà tó mọ EEG ni kí ó sàmì. Àwọn ìgbì oorun tó ń yọ ní àtàrí, àti ìgbì wicket ní ẹ̀bátí, lè jọ spáìkì lójú ẹni tí kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ènìyàn tó dá ṣáṣá ló ní wọn. Ẹ kó àwọn tó jọra pọ̀, kí àmì gbogbo wọn wà ní ṣóńṣó orí ẹlẹ́kítíróòdù kan náà. Bí ẹ bá rí 25, ẹ pín wọn ní déédéé: ariwo yóò dín kù ní ìlọ́po 5. Spáìkì ẹ̀bátí òsì àti ti ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ kan. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, orísun yóò bọ́ sí àárín orí, níbi tí kò sí nǹkan kan. Mílísẹ́kọ́ǹdù 100 ṣáájú ṣóńṣó dé 300 lẹ́yìn rẹ̀ tó láti gé.

Fún àwòrán orí, MRI aláìsàn fúnra rẹ̀ ló dára jù. Ẹ gba ti T1 (irú àwòrán MRI tó ń fi ìrísí ọpọlọ hàn) tó fẹ́lẹ́, ní DICOM (irú fáìlì tí ẹ̀rọ MRI ń kọ), kì í ṣe fọ́tò fíìmù. Ẹ bẹ àwọn tó ń ya á pé kí wọ́n lẹ hóró fítámì E mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún: yóò tàn nínú MRI, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ọ̀tún àti òsì ti yí padà. Bí kò bá sí MRI, Brainstorm ní orí àpapọ̀ tó ń jẹ́ ICBM152. Ó ṣeé lò, pẹ̀lú ìṣọ́ra kan: ẹ yan unconstrained níbi ìṣirò orísun, nítorí àwọn ìwẹ́ ọpọlọ tó wà nínú àwòrán yẹn kì í ṣe ti aláìsàn yín, kò sì yẹ kí a fi ìdarí wọn de iná rẹ̀. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ wọ orí àgbàlagbà. Ẹni tí ọ̀kadà ti fọ́ lágbárí rí, tàbí tí wọ́n ti ṣí orí rẹ̀, kò bá àwòrán àpapọ̀ mu rárá, nítorí iná ń gba ojú àpá náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

OpenMEEG ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò bí iná ṣe ń la orí kọjá, bí mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà bá lè gbé e. Ó ka awọ orí, egungun àti ọpọlọ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú iye 1, 0.0125 àti 1, ìyẹn ni pé egungun ń gbé iná ní ìdá kan nínú 80 ti ọpọlọ. Àwòrán róbótó onípele mẹ́ta yára ju ú lọ, àmọ́ orí ènìyàn kì í ṣe róbótó, ìsàlẹ̀ ẹ̀bátí sì ni àṣìṣe rẹ̀ ti ń pọ̀. Mẹ́mọ́rì gíga-báìtì 8 lè bẹ̀rẹ̀. 16 ló tuni lára.

Ọ̀nà ìṣirò orísun méjì wà nínú Brainstorm: ẹ ṣe sLORETA, kí ẹ sì ṣe dSPM. Bí méjèèjì bá tọ́ka sí apá kan náà, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọ iwájú orí tí èkejì sọ ìpàkọ́, ẹ padà sídìí spáìkì yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni àkókò tí wọ́n ń wò. Ṣóńṣó spáìkì ló ga jù, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ṣóńṣó, iná náà lè ti rìn kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdajì ọ̀nà tí ìgbì ń gbà gòkè lọ sí ṣóńṣó ni kí ẹ wò. Ẹ tún fi ọwọ́ sún ìlà ìwọ̀n tó ń pinnu iye pupa tó hàn: tí ẹ bá sún un sílẹ̀ púpọ̀, gbogbo ìdajì ọpọlọ á pọ́n, tí ẹ bá sún un sókè jù, ojú kékeré kan á dà bí ẹni pé ó dájú. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀rí ìwọ̀n àpá náà. Ó ń gbà tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 10 lójú òde ọpọlọ kí spáìkì tó lè hàn lórí awọ orí, ohun tó sì wà ní ìjìnlẹ̀, bíi hippocampus (apá ọpọlọ tó jìnlẹ̀ nínú ẹ̀bátí), sábà máa ń hàn bíi pé òkè ló wà.

Ẹ fi ohun tí àwọn ará ilé rí wé e. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ gbọ̀n, ọwọ́ òsì ọpọlọ là ń retí. Bí Brainstorm bá sọ ọ̀tún, ẹ yẹ okùn ẹlẹ́kítíróòdù wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ sì rántí pé ibi tí spáìkì ti ń yọ láàárín wárápá méjì ni ohun èlò yìí ń fi hàn. Ibi tí wárápá fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ lè wà nítòsí rẹ̀, ó sì lè jìnnà sí i.

Báwo ló ṣe ṣeé gbọ́kàn lé tó? Ní 2011, àwọn oníwádìí ní Geneva tẹ àbájáde jáde lórí aláìsàn 152 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún. Pẹ̀lú ẹlẹ́kítíróòdù 128 sí 256 àti MRI aláìsàn gan-an, nínú àwọn tí ara wọn dá, orísun tí ìṣirò tọ́ka sí wà nínú ibi tí wọ́n gé kúrò fún 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí ara wọn kò dá, ó wà ní òde ibẹ̀ fún 88 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ẹlẹ́kítíróòdù kò tó 32, tí orí sì jẹ́ ti àpapọ̀, iye méjèèjì já sí 57 àti 59. Ipò tí ọ̀pọ̀ wa wà nílé nìyẹn. Èyí kò sọ pé kí a má ṣe é. Ó sọ pé pẹ̀lú ẹlẹ́kítíróòdù 19 àti ICBM152, ẹ kọ “ẹ̀bátí òsì” sínú ìwé yín, ẹ má kọ sẹ̀ǹtímítà.

A fún Brainstorm ní 4 nínú 5. Ó pàdánù ọ̀kan nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìtọ́sọ́nà rẹ̀, wọ́n sì pọ̀ débi pé ẹni tuntun kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi ẹ̀kọ́ EEG àti wárápá wọn, tó wá pẹ̀lú fáìlì aláìsàn kan láti Freiburg ní Jámánì tí ẹ lè fi dánra wò. MNE-Python náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ Python kọ. BESA àti Curry dára, owó wọn ni kò ṣeé sún mọ́.

Fún ẹ̀yin tí aláìsàn wà lọ́dọ̀ yín: bí ẹ bá ń kúrò ní yàrá EEG, ní Kàbà ni o, ní Ìlọrin ni o, ẹ béèrè fáìlì EDF náà sórí fláàṣì, kì í ṣe ìwé àbájáde nìkan. Ẹ fi fídíò wárápá tí ẹ yà lórí fóònù sí i, níbi tí ojú àti ọwọ́ méjèèjì ti hàn láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ oògùn tó ń lò, ìwọ̀n rẹ̀ ní mílígíráàmù, àti aago tó lò ó kẹ́yìn kí wọ́n tó gba EEG.